Oorun Ọ̀gá, Oorun Sàrátù

Bẹ́líìtì ni Tàófíìkì fi máa ń jí ẹ̀gbọ́n mi. Kì í pè é lórúkọ, kì í fọwọ́ kàn án léjìká bí wọ́n ṣe ń jí ìyàwó ẹni. Á yọ bẹ́líìtì nídìí ṣòkòtò, á wé e mọ́wọ́, á sì là á mọ́ ọn lójúgun. "Dìde, ìwọ ẹ̀rọ ìlọta yìí! Gbogbo agboolé ló ń gbọ́ ẹ!" Sàrátù á ta gìrì, á fa èémí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú kànga, á ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Safurat." Lọ́jọ́ tí Tàófíìkì ò bá rí bẹ́líìtì, bàtà ni. Lọ́jọ́ tí kò bá rí bàtà, á fi orí kàn án.

Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò ju pé ó ń hanrun. Ẹ má rò pé ìhanrun kékeré. Sàrátù tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀ tó ti gbálẹ̀ pẹ́, tí afẹ́fẹ́ òkun bá fẹ́ dáadáa, ó di dandan kó di nǹkan mú. Ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ohùn tó ń jáde lọ́fun rẹ̀, ẹ máa ní wọ́n ń fa pákó lórí kọ̀ǹkéré ni. Á lọ, á lọ, á ga sókè, lójijì á dákẹ́. Kẹ́ẹ́. Àyà rẹ̀ á ṣì máa jà, ikùn rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀, èémí ò ní wọlé. Ẹ ó dúró. Ẹ ó tún dúró. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sunkún, á bú jáde, "gbrùú!", á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lójú ọ̀sán, oorun ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń sùn lórí ẹja tó ń yan. Ó ń sùn nígbà tó bá ń fún Safurat ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ó ti sùn láàárín "ẹ kú" àti "àárọ̀" rí, tí ẹni tó ń kí dúró de ìyókù títí ó fi lọ. Àpá epo gbígbóná wà lápá rẹ̀ látàrí àkàrà tó sùn lé lórí.

Èmi Mùíbì, àbúrò rẹ̀, lọ́dọ̀ wọn ni mò ń gbé, ní ẹ̀gbẹ́ Akpakpa ní Kútọ́nù, lójú ọ̀nà Agblangandan. Láti Ṣakété ni wọ́n ti kó mi wá pé kí n kàwé. Ìwé yẹn ò pẹ́, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ kan tí mo fi sínú fìlà olùkọ́ wa.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ló ń hanrun ládùúgbò. Délégéè wa náà ń hanrun. Kàmáráàdì Adéoyè, ọmọ Pobè, akọ̀wé ni ní Ganhi kí rẹfolúsíọ̀ àwọn sójà tó dé tó sọ ọ́ di olórí kọmitéè wa. Ó sanra débi pé a ò mọ ibi tí orí rẹ̀ parí sí àti ibi tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa ọ́fíìsì dé lọ́sàn-án, tí gbogbo Kútọ́nù lọ jẹun lọ sùn, yóò na ara rẹ̀ sórí àga gígùn lẹ́nu ọ̀nà kọmitéè, yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn kan náà. Á lọ, á ga, á dákẹ́, á bú jáde. Bí ẹ bá di ojú mi, mi ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti Sàrátù.

Àwọn ènìyàn á sì bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí wọ́n tó kọjá. Àgbàlagbà á máa yọ́ rìn bí ológbò. Wọ́n ní, "Ẹ rọra, ọlá ń sùn." Ọmọdé kan gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mìlísì, ẹ̀ṣọ́ kọmitéè, nà án títí ó fi tọ̀ sára.

Nínú oṣù kìíní ọdún 1977, àwọn àjèjì fi ọkọ̀ òfuurufú wá yìnbọn láàárọ̀ kùtùkùtù ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n lé wọn lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá ti lè dúró lórí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ àdúgbò. Tiwa, ilé ìkóhun-sí kọmitéè là ń ṣọ́. Kí ló wà níbẹ̀? Ìbọn onígi. Káfíńtà ló gbẹ́ wọn fún àwọn mìlísì láti fi kọ́ ìrìn ológun. A kùn wọ́n ní dúdú. Tí ẹ bá fa ohun tó ń yìn wọ́n, á yọ sí yín lọ́wọ́.

Ó kan Sàrátù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ẹ ti mọ ìyókù. Nígbà tó fi la ojú, ilẹ̀kùn ti ṣí, ilé ti ṣófo. Lẹ́yìn náà ni a rí ìdajì ìbọn kan nínú eérú níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja ní Fidjrossè. Igi tó dára ni wọ́n fi ṣe é, ẹja náà jinná.

Àwa rẹ́rìn-ín. Kọmitéè ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní obìnrin yìí kó ohun ìjà rẹfolúsíọ̀ fún ọ̀tá. Wọ́n dá a dọ̀bálẹ̀ síwájú ilé ìkóhun-sí, mìlísì méjì dúró sí ọ̀tún òun òsì, pàṣán bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ gba aṣọ rẹ̀ jáde. Ẹ gbọ́ ohun tó mú wọn ya wèrè: láàárín pàṣán kan àti èkejì, Sàrátù tòògbé. Ó hanrun.

"Ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!" ni mìlísì kan kígbe. Ó sọ pàṣán nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ lẹ́yìn.

Kàmáráàdì Adéoyè wá dájọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, kámíọ̀ sójà yóò wá gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n lókè àríwá. Gbogbo wa la mọ ẹ̀wọ̀n yẹn. A mọ ẹni tó lọ. A ò tíì rí ẹni tó bọ̀. Safurat ò tíì já lẹ́nu ọmú.

Mo lọ bá Délégéè ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀, kí n má baà ṣi èwo ni rẹfolúsíọ̀ fẹ́.

"Kàmáráàdì Délégéè, ẹ ṣàánú wa. Àìsàn ni. Èémí rẹ̀ máa ń há lójú oorun."

Àjíṣafẹ́ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin ni, abẹ́rẹ́ ló ń gún ládùúgbò, àwa sì ń pè é ní dókítà kí abẹ́rẹ́ má baà dùn wá jù. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àìsàn yẹn? Mo kà á. Nínú ìwé Faransé ló wà. Àìsàn ọkùnrin ni, ọkùnrin tó ti dàgbà, tó ní ọrùn tó ki, tó ń jẹ ẹran, tó ń mu bíà. Obìnrin kì í ní in. Ẹni tó gbẹ bí ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn, níbo ni ó ti fẹ́ rí i? Ṣé o ti rí tálákà tó ń ṣe àìsàn ọlọ́rọ̀ rí?"

Délégéè fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oyè dá lọ́lá.

Ẹnu mi kì í dúró dè mí. Mo ní, "Dókítà, rẹfolúsíọ̀ ní gbogbo wa dọ́gba. Àbí àìsàn yẹn ò tíì gbọ́?"

Mi ò rí ọwọ́ tó bà mí. Ilẹ̀ ni mo rí. Mìlísì tó gbá mi tún fà mí dìde láti gbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tu ẹ̀jẹ̀, eyín kan bá a jáde.

Mo ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì sùn lójú gbogbo ayé. Délégéè lápá ibí, Sàrátù lápá ọ̀hún. Ká gbọ́. Tí ohùn wọn bá jọra, àìsàn ni. Tí kò bá jọra, ẹ gbé e lọ."

Mo di ojú, mo ń retí ìgbájú kẹta. Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Délégéè ń rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń lu tábìlì. Kò sí ìdíje tí ọkùnrin yẹn fẹ́ràn bí èyí tó mọ̀ pé òun ó borí.

"Ọmọ yìí ya wèrè," ó ní. "Lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́sàn-án, kí kámíọ̀ tó dé. Nínú ọgbà ilé ìwé. Ẹ pe gbogbo ènìyàn!"

Ní ọjọ́ Ẹtì, bí a ṣe kírun tán la dé ọgbà ilé ìwé. Èrò pọ̀. Wọ́n ti gbé ibùsùn Délégéè látilé, pẹ̀lú tìmùtìmù àti ìrọ̀rí tí wọ́n fi òwú ya òdòdó sí lára. Ti Sàrátù, ẹní lásán, lórí iyanrìn. Délégéè jẹ ẹ̀kọ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó mu bíà. Wọ́n fún Sàrátù náà ní ẹ̀kọ, kí ìdíje má baà ní èrú nínú. Délégéè gun ibùsùn, ó gbé ìkúùkù sókè, ó ké igbe rẹfolúsíọ̀ lédè Fọ̀n, pé nǹkan ti yí padà.

"Ehuzu!"

"Ehuzu dandan!" ni gbogbo wa dáhùn.

A ò tíì parí ìdáhùn tí ó ti sùn lọ. Ó hanrun, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Sàrátù ò sùn.

Ẹni tó sùn lábẹ́ pàṣán! Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ là bíi ti ẹja tí wọ́n tò sórí àtẹ.

"Mùíbì, oorun ò wá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ojú."

"Mo ti dì í. Ó ń ṣí."

Tàófíìkì dúró lápá ọ̀hún láàárín àwọn ọkùnrin, bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́: "Sàrátù, tí o bá hanrun lójú àwọn ènìyàn yìí, tí wọ́n ní ọkùnrin ni mo fẹ́, màá pa ọ́." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni kámíọ̀ sójà wọlé. Sájẹ́ńtì kan bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú sójà mẹ́ta, ìbọn tiwọn kì í ṣe onígi. Ó ní wọ́n rán òun wá gbé ẹnì kan. Wọ́n ní kó dúró díẹ̀. Ó fìdí lé iwájú ọkọ̀, ó ń fi igi tayín.

Tó bá hanrun, ọkọ rẹ̀ á pa á. Tí kò bá hanrun, kámíọ̀ á gbé e. Ta ló máa sùn sáàárín ìyẹn?

Mo gba Safurat lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, mo tẹ́ ẹ sí àyà ìyá rẹ̀. Ọmọ ò mọ rẹfolúsíọ̀. Ó wá ọmú, ó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ojú ẹ̀gbọ́n mi rọ̀. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn.

Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ológbò ń kùn. Ó ga díẹ̀. Ó tún ga. Nígbà tó dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n sí, ewúrẹ́ tó wà lábẹ́ igi já okùn. Ó bo ti Délégéè mọ́lẹ̀ pátápátá! Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ìyá mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ajá la máa ń sọ fún àlejò pé ó ń ké."

"Àbúrò mi ńkọ́? Gèlè la fi ń dì í lẹ́nu."

"Èmi fúnra mi..." ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé e mì.

Ẹnì kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láàárín àwọn ọkùnrin. Òmíràn gbè é. "Tàófíìkì, ìwọ àti ta ni ẹ jọ ń sùn? Ṣé o máa ń bá a fá irùngbọ̀n?" Ẹ̀rín gba gbogbo ọgbà.

Nígbà náà ni Sàrátù dákẹ́. Kẹ́ẹ́. Àyà rẹ̀ ń jà, èémí ò wọlé. Àjíṣafẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ bàjẹ́, nítorí ohun tó kà nínú ìwé Faransé ló ń wò lára obìnrin tín-ín-rín. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Tàófíìkì ò jẹ́. Ó fò kọjá orí ènìyàn méjì, ó sì ta ẹ̀gbọ́n mi nípàá níhà.

Mo gbọ́ eegun. Kà! Safurat yí lọ nínú iyanrìn. Sàrátù bú jáde pẹ̀lú èémí àti igbe pọ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ là.

Mi ò ronú. Mo gun Tàófíìkì lẹ́yìn, mo fi ẹnu mú etí rẹ̀, mo fà á bí ẹni ń fa ẹran. Ó ké. Ó gbé mi lu ilẹ̀, mo ṣì di etí mú. Àwọn ará ilé rẹ̀ fi igi bò mí, àwọn obìnrin sì fi àpótí ìjókòó bo àwọn ará ilé rẹ̀. Ìyá arúgbó kan gbé ìgò bíà Délégéè, ó fọ́ ọ mọ́ mìlísì kan lórí. Ẹni tí kò mọ ohun tí à ń jà fún náà ń jà. Etí tú sí mi lẹ́nu, mo tu ú dànù.

Nínú ariwo yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń tẹ́tí. Monísọ́lá, ìyàwó Délégéè. Ó gbọ́ ohun tí kò dún mọ́.

"Ẹ jí i!" ó kígbe, ó ń sáré bọ̀ lápá ibùsùn. "Ó ti dákẹ́! Ẹ jí i!"

Àjíṣafẹ́ na ọwọ́ méjèèjì dí i lọ́nà. "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Oorun ọlá ni. Ta ló máa fọwọ́ kan Délégéè lójú oorun?"

"Àjíṣafẹ́, kúrò lọ́nà! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ìgbọ̀nwọ́ mi ló ń jẹ́ kó mí! Tó bá ti dákẹ́, mo máa ń gún un níhà, mo máa ń gbá a létí!"

Àjíṣafẹ́ la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ máa ń lu Kàmáráàdì Délégéè?"

Àwọn mìlísì gbọ́ ìyẹn dáadáa. Obìnrin tó ń lu olórí kọmitéè! Méjì di í lọ́wọ́ mú, wọ́n yí i sẹ́yìn. Ó ń jà, ó ń bú ìyá wọn, ó ń ké pé kí ẹnì kan gbá a, kí ẹnì kankan ṣáà gbá a. Kò sẹ́ni tó gbá a. Gbogbo ọgbà ilé ìwé ni wọ́n ti ń gbá ara wọn, orí ibùsùn yẹn nìkan ni ìjà ò dé. Ẹni méjì já lu ẹsẹ̀ ibùsùn, wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Kàmáráàdì," wọ́n sì lọ ń jà lápá ibòmíràn.

Nígbà tí Monísọ́lá fi gé mìlísì kan jẹ tó bọ́, ojú Délégéè ti dú bí aró. Ó gun orí rẹ̀. Ó gbá a létí ọ̀tún, ó gbá a tòsì, ó fi ìkúùkù lù ú láyà. Ibùsùn ń ké, ọkùnrin ò ké.

Ìjà kú. Gbogbo wa dúró, onígi dúró ti igi rẹ̀.

Sájẹ́ńtì bọ́ sílẹ̀ lórí ọkọ̀. Ó tu igi ìtayín dànù. "Ẹ gbọ́, mo ní iṣẹ́. Wọ́n ní kí n wá gbé ẹni tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ta ló ń sùn níbí?"

Ó wo Sàrátù. Sàrátù ti dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó di ìhà mú, ẹ̀jẹ̀ ń kán lágbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere. "Èyí ò sùn," ni Sájẹ́ńtì sọ. Ó wo Tàófíìkì, tó fi aṣọ di ibi tí etí wà. "Èyí náà ò sùn." Ó wò wá yíká. Láyé mi, mi ò tíì rí ìlú tó jí tó bẹ́ẹ̀. Ó wá wo ibùsùn.

"Kàmáráàdì! Ehuzu!"

Délégéè ò dáhùn.

"Mo ní, Ehuzu!"

Kẹ́ẹ́.

"Ẹ rí i," ni Sájẹ́ńtì wí fún àwọn sójà rẹ̀. "Ẹ gbé e."

Àjíṣafẹ́ sáré síwájú. "Sájẹ́ńtì, ó ti kú!"

"Ìwọ kọ́ lo sọ níṣojú mi pé oorun ọlá ni?"

"Mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n..."

Àjíṣafẹ́ di ẹsẹ̀ òkú mú. Sójà kan fi ìdí ìbọn parí gbólóhùn yẹn fún un, eyín rẹ̀ sì fọ́n sílẹ̀ bí àgbàdo. Wọ́n gbé Délégéè sínú kámíọ̀ tòun ti ìrọ̀rí. Monísọ́lá gun ọkọ̀ tẹ̀lé wọn, ó ń fi bàtà lu sójà lórí, ó ń ké pé kí wọ́n da ọkọ òun padà. Wọ́n lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kámíọ̀ kan náà gbé wọn padà. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ò gba ẹni tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀. A sin ín.

Kò sẹ́ni tó tún wá bi wá léèrè ìbọn onígi. Ẹjọ́ ti parí lọ́dọ̀ ìjọba: ẹni tó sùn, wọ́n ti gbé e. Tàófíìkì gba ọ̀nà Nàìjíríà lọ, ó mú bẹ́líìtì, ó fi etí sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Monísọ́lá wá sí yàrá wa nínú aṣọ dúdú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú. Ó jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàrátù. Kò sunkún.

"Wá ẹni tí yóò máa lù ọ́," ó ní.

"Màmá?"

"Kì í ṣe lójúgun, ìyẹn ìkà lásán ni. Ìhà. Tí ariwo bá ti dákẹ́, kó má dúró." Ó yí sí mi. "Ìwọ, sún mọ́ ibí." Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lábẹ́ apá, mo fò sókè. "Ibẹ̀ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tí eegun rẹ̀ dá. Tí kò bá jí, létí. Má bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rù tèmi ló pa á."

Nígbà tó lọ, Sàrátù fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kérora. Ó tẹ́ Safurat sẹ́yìn rẹ̀.

"Mùíbì, jókòó síbí."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ni mo fẹ́ lù yín?"

"Tí o ò bá lù mí, màá lù ọ́."

Ó sùn. Ohùn bẹ̀rẹ̀, ó ga, ó mi ìgò epo lórí pẹpẹ. Ó dákẹ́. Mo gún un níhà, kò jí. Àyà rẹ̀ ń jà. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fọ́ ọ létí, gbà! Ó ta gìrì, ó fa èémí wọlé títí ó fi kún, ó wá ojú mi rí, ó sì dá ìgbájú náà padà fún mi.

"Ó le jù!"

"Ẹ ní kí n lù yín!"

"Mo ní kí o jí mi. Mi ò ní kí o gbẹ̀san gbogbo ìyà tí mo fi jẹ ọ́ lọ́mọdé."

Mo fẹ́ fèsì. Ó ti sùn kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò létí mi.